Ohun Tí Fèrè Habeeb Wí

Tépù ìwọnṣọ wà lọ́rùn Ràhmát, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó já wọ yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ikate. Ọkùnrin gíga kan ló bá níbẹ̀, tó dijú, tó ń fọn fèrè dúdú, tí òógùn ń ṣàn létí rẹ̀. Ó rẹwà débi pé díẹ̀ ló kù kí Ràhmát gbàgbé ìjà tó bá wá.

"Ta lẹ ń pè ní olójú kòkòrò?"

Ọkùnrin náà, Habeeb lórúkọ rẹ̀, ní òun ò pe ẹnikẹ́ni. Kilarinẹ́ẹ̀tì ni fèrè náà. Jáàsì ni òun ń fọn, èyí tí wọn kì í kọ sílẹ̀, bó bá ṣe wá sọ́kàn ni. Òun fẹ́ fi ṣe àwo orin, òun nìkan, láìsí ìlù, láìsí akọrin. Ràhmát ní irọ́ ni. Bí òun ṣe ń sọ iye owó ìránṣọ fún oníbàárà ni fèrè gbà á lẹ́nu òun: o-ló-jú-kò-kò-rò. Oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Habeeb tún un fọn, ó gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa á. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹnu fèrè ni, kì í ṣe ẹnu mi."

"Ẹ kọ́ ọ níwà kẹ́ ẹ tó máa mú un jáde."

Láti ọjọ́ náà ni Ràhmát ti ń yà síbẹ̀, tó ń sọ ohun tí fèrè wí fún ẹni tó ni ín. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lẹ́wù.

Àmọ́ Alaaji Ìdírísù, bàbá Ràhmát tó ń ta pákó ní Ajah, kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó ní ẹni tí fèrè rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, kí ló fẹ́ máa bá ọmọ òun sọ? Ràhmát bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà láti wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba orin náà sílẹ̀. Ẹ̀rù ba Habeeb, ó ní òun á kúkú fọn orin tí bàbá mọ̀.

"Habeeb mi, tó o bá fi orin ẹlòmíràn fẹ́ mi, ta ni màá wá bá nílé?"

Lọ́jọ́ náà, Alaaji jókòó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Fèrè kọ́kọ́ gbọ̀n, ó gòkè, ó ṣeré lókè títí, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ìsàlẹ̀ pátápátá, tí kò sì dìde mọ́. Ràhmát fẹ́ràn ọkùnrin yìí ju bó ṣe lè sọ lọ.

Alaaji ki tẹ̀sùbáà bọ àpò.

"Èyí tó wálẹ̀ kẹ́yìn yẹn," ó ní, "ṣé kì í ṣe pé ó ń dọ̀bálẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ, sà," Habeeb fèsì.

"Ó dáa. Fèrè ti dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ìwọ tó o ni ín ńkọ́?"

Ràhmát ló sáré gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà fọ́, torí Habeeb ti nà gbalaja.