Oje Kajú Nìkan Ni Kó O Fún Wọn

Ìjà la fi bẹ̀rẹ̀, èmi àti Edivan. Àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ láàbù wa nílùú Parnaíba ló bu ṣúgà sínú oúnjẹ àwọn bakitéríà mi.

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Ebi ń pa wọ́n, àǹtí."

"Má pè mí ní àǹtí."

Mo ṣàlàyé fún un. Abẹ́ igi kajú la ti kó wọn, oje tó ń sun lára igi náà ni wọ́n sì ń jẹ. Oje yẹn ki, ó yi, àmọ́ ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pọ̀ jáde máa ń gé e wẹ́wẹ́ títí á fi ṣàn bí omi. Ẹ́ńsáìmù yẹn la fẹ́. Bí wọ́n bá ti rí ṣúgà, wọn ò ní pọ̀ ọ́ mọ́. Bó bá pẹ́, wọ́n á gbàgbé ẹ̀ pátápátá.

"Ọ̀lẹ ni wọ́n nìyẹn," ló wí. Ẹ̀rín pa mí. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ìfẹ́ ẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Ló bá ríṣẹ́ sílùú Campinas, ní gúúsù lọ́hùn-ún. Ó mú ìdajì àwọn bakitéríà náà lọ. "Bó o bá ń fún wọn lóje, Neide, kó o máa rántí mi."

Mo rántí ẹ̀ títí ó fi sú mi. Bí mo bá ń lọ oje, àárò ẹ̀ á máa sọ mí. Bí mo bá ń fọ abọ́, bákan náà ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ pè mí mọ́.

"Ẹni tó lọ sí gúúsù ti lọ nìyẹn," ni màmá mi ń sọ. "Genival tó fẹ́ fi ẹ́ ṣaya ṣì ń béèrè ẹ. Ó nílé, ó níṣẹ́, ó léyín."

Lọ́jọ́ kan, Edivan pè. "Neide, àwọn tó wà lọ́wọ́ mi ò jẹ oje mọ́."

"O fún wọn ní ṣúgà."

"Wọn ò tètè pọ̀ sí i, àwọn ará ibí wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Fi díẹ̀ lára tìẹ ránṣẹ́ sí mi, olólùfẹ́ mi. Iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ó dùn mí. Bí mo bá fi ránṣẹ́, kí ló tún máa gbé e wá sílé? Síbẹ̀, mi ò lè ṣe é níkà. Mo dì í sínú àpótí oníyìnyín, mo kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sórí ẹ̀: oje kajú nìkan ni kó o fún wọn. Mo sunkún délé. Màmá mi gbé oúnjẹ síwájú mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá Edivan lẹ́nu ọ̀nà láàbù. Àpótí náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò tú u.

"Mo ka ohun tó o kọ," ló wí. "Mi ò lè ṣí i. Bí wọ́n ṣe gbàgbé oje lèmi náà ṣe ń gbàgbé ẹ."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Mo ti fi sílẹ̀."

Inú bí mi, inú mi sì dùn, n kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ sọ. Mo gba àpótí náà. "Lọ fọwọ́. Ebi ń pa wọ́n."

Nírọ̀lẹ́, mo mú Edivan délé. Màmá mi wò ó tìtì.

"Kò nílé. Kò níṣẹ́," ni wọ́n sọ.

"Ó léyín, màmá," ni mo fèsì.