Òpó Omi Iwájú Ilé Skoglund

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, bí Tessa Rautio ṣe lẹ Ìròyìn Ìgbà Òtútù mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìlú tán báyìí ni àwọn ọkùnrin tó ń mu kọfí nínú gbọ̀ngàn rọ́ jáde wá kà á. Wọn kò wo ibi tí a kọ òpópónà tí katakata máa kọ́kọ́ kó yìnyín rẹ̀ sí. Wọn kò wo ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì máa wá fún àwọn arúgbó ní abẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ojú wọn lọ, níbi tí a máa ń kọ orúkọ onílé tí kò wa yìnyín kúrò lára òpó omi panápaná tó wà níwájú ilé rẹ̀. Orúkọ Duane Skoglund tún ti wà níbẹ̀.

Duane fúnra rẹ̀ wà láàárín wọn, ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Duane," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "ṣé kí n wá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú ni?"

Ẹ̀rín sọ. Duane búra pé òun wa òpó náà láàárọ̀ Sátidé, pé ẹ̀yìn ṣì ń ro òun di bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan ní bóyá àwọn ẹbọra inú igbó ló ń wá bò ó padà. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ló bá da kọfí rẹ̀ sínú yìnyín, ó kó sínú ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Èmi, Marlys Trudeau, ni akọ̀wé ìlú Pelkola. Èmi ni mo máa ń wakọ̀ yí ìlú ká ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti wo àwọn òpó omi. Èmi náà ni mo gbé iṣẹ́ kíkọ ìròyìn lé Tessa lọ́wọ́, torí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí kọ̀ǹpútà ju tèmi lọ. Ìlú wa kéré, etí Adágún Superior la wà, yìnyín ibí sì lè bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń ri ọ̀pá gígùn tó ní àsíá pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó omi kọ̀ọ̀kan, kí panápaná lè mọ ibi tí òpó náà wà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde nínú ìròyìn, wọ́n á fi kí i títí ewé tuntun á fi yọ lórí igi. N kò ní purọ́ fún yín, ìtìjú Duane dùn mọ́ mi nínú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ lọ́dún yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Nígbà òtútù tó ṣáájú, ẹnìkan ti yìnyín gọbọi sọdá òpópónà, ó sì fi dí ẹnu ọ̀nà ilé Rautio, tó kọjú sí ilé Duane, pa. Èèwọ̀ ni ìyẹn nílùú wa, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àyà Eino, bàbá àgbà Tessa tí ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, dì í mú. Ọkọ̀ ambúláǹsì dé, kò rọ́nà wọlé. Kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ tó fi ṣọ́bìrì lanà, kí wọ́n tó gbé bẹ́ẹ̀dì sọdá, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Tessa wà lójú fèrèsé, ó sì rí ọkọ̀ Duane tó ń ti yìnyín náà. Ó sọ fún ọlọ́pàá. Duane ní irọ́ ni, pé katakata ìlú ló kó o síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọdé kọjú sí ọ̀rọ̀ àgbà, ẹjọ́ náà sì kú síbẹ̀. Èyí tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé Duane wá síbi ìsìnkú. Ó jẹ kéèkì, ó bọ Lempi, ìyá àgbà Tessa, lọ́wọ́, ó ní Ọlọ́run á tù ú nínú. Tessa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìgbà tí òun rí ọwọ́ yẹn nínú ọwọ́ ìyá àgbà òun ni òun ti búra pé ojú á ti ọkùnrin náà títí á fi kó kúrò nílùú.

Bí ọmọ náà ṣe wá ṣe é nìyí. Tí Duane bá wa òpó tirẹ̀ tán láàárọ̀ Sátidé, á gba ibi iṣẹ́ lọ ní ilé iṣẹ́ bébà tó wà nílùú kejì. Tessa á sọdá pẹ̀lú ṣọ́bìrì, á bo òpó náà mọ́lẹ̀ bí ẹni sin òkú. Nígbà tí èmi bá fi máa kọjá, àsíá pupa nìkan ni mo máa rí. Màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá fún Tessa, òun náà á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ Duane. Ó ní oyin ò dùn tó o. Lempi rí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó máa ń tutù rinrin, ó bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó ní òun ń bá àwọn arúgbó àdúgbò wa yìnyín. Ìyá àgbà wò ó títí, ó ní kó ṣọ́ra, pé inú tó ń bí i yìí ti ń gbé e kiri.

Lẹ́yìn ẹ̀rín àárọ̀ Mọ́ńdè yẹn, Duane já wọ ọ́fíìsì mi. Ó gbá tábìlì. Ó ní ní Sátidé tó ń bọ̀, tí òun bá ti wa òpó náà tán, òun á ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù òun, kí n wá wo ẹni tó máa tọrọ àforíjì nínú ìròyìn. Tessa jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó mọ̀ pé bíbò mọ́lẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní Fúráìdé, bí ó ṣe ń ti iléèwé bọ̀, tí yìnyín tuntun ti ń já bọ́, ó fa ọ̀pá alásìíá náà tu, ó gbé e lọ jìnnà síbi tó wà, lápá òdìkejì ọgbà Duane, ó rì í mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Yìnyín bọ́ ṣúlẹ̀mọ́, ó bo ipasẹ̀ rẹ̀ àti òpó náà pátápátá, gbogbo iwájú ilé Duane wá dọ́gba.

Láàárọ̀ Sátidé, Tessa ń kó eérú ààrò ilé jáde nínú garawa. Ẹ̀yinná ṣì wà nínú eérú náà. Inú àgbá irin tó jìnnà sílé ló yẹ kó dà á sí; òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ ìkìlọ̀ yẹn sínú ìròyìn. Ṣùgbọ́n ó gbúròó ṣọ́bìrì Duane. Ló bá gbé garawa náà kalẹ̀ lórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí wọ́n to igi ìdáná gbígbẹ sí, ó sáré lọ sójú fèrèsé iwájú láti wòran.

Ìran náà dùn ún wò lóòótọ́. Duane wa ìdí ọ̀pá, kò rí nǹkan kan. Ó wa apá ọ̀tún, ó wa apá òsì, ó di òkété. Ó ta ṣọ́bìrì nípàá, ó ṣépè, ó tún bẹ̀rẹ̀. Tessa rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò rántí garawa mọ́. Atẹ́gùn adágún sì ti dìde.

Lempi ló kọ́kọ́ gbóòórùn èéfín. Nígbà tí Tessa fi máa dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi ìdáná ti gbiná, ara ògiri pákó ti ń jó. Ó pe panápaná. Nílùú wa, àwọn aráàlú ló ń yọ̀ǹda ara wọn ṣe iṣẹ́ yẹn, Duane sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí ọkọ̀ wọn tó dé ló ti sọdá, ó wọ inú èéfín, ó sì gbé Lempi jáde lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun.

Èmi náà ti dé nígbà náà. Omi tó wà nínú ọkọ̀ panápaná kò pẹ́ tó fi tán. Ọ̀gá wọn pariwo pé kí wọ́n so rọ́bà mọ́ òpó omi iwájú ilé Skoglund. Wọ́n sáré síbi ọ̀pá. Ihò gbalasa ni wọ́n bá, kò sí òpó níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ sí i. Ọ̀gá kọjú sí Duane, ó bi í pé níbo ló wà. Duane kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ họ yìnyín, ó ń sọ pé ìdí ọ̀pá ló yẹ kó wà, ìdí ọ̀pá ló yẹ kó wà.

Mo la ẹnu bú u. Mo ní ọ̀lẹ ni, mo ní òkú kan ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ ló gbè mí lẹ́sẹ̀.

Tessa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ìyá àgbà rẹ̀ mú. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Bó bá dákẹ́, orí Duane ni gbogbo rẹ̀ máa dá lé, ìlú ò sì ní dárí jì í láéláé. Bó bá sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n máa nàka sí. Ó sọ fún mi pé òun dákẹ́. Ó dákẹ́ títí iná fi kúrò ní ilé ìdáná, tó gun òrùlé. Nígbà náà ló já ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ sílẹ̀, tó sáré sọdá.

"Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn," ló wí. "Ibí ni. Èmi ni mo gbé ọ̀pá yẹn kúrò. Ọ̀gbẹ́ni Skoglund, ibí ni."

Duane wò ó. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ibi tó fi hàn án, wọ́n sì rí òpó náà. Omi jáde. Wọn ò jẹ́ kí iná ran ilé mìíràn, ṣùgbọ́n òrùlé ilé Rautio ti wó wọlé.

Ọ̀dọ̀ mi ni Lempi àti Tessa sùn. Lọ́jọ́ kejì, Duane kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí fìlà, kò fẹ́ jókòó. Tessa rò pé ó wá bá òun jà ni.

"Lempi," ló wí, "èmi ni mo ti yìnyín yẹn. Mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. Mo parọ́."

Ọ̀rọ̀ tí Tessa ti ń wá bí ẹni ń wá omi nìyẹn. Mo wo ojú rẹ̀. Kò sí ìdùnnú kankan níbẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Lempi dá a lóhùn. "Èmi náà rí ọ láti ilé ìdáná. Mi ò tíì dárí jì ẹ́, Duane. Mo kàn fi ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ ni. Máa lọ ná."

Nígbà tí ó lọ tán, Tessa bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti ti garawa eérú. Ó ní kí Màmá àgbà má bínú, pé nítorí bàbá àgbà ni òun ṣe é, pé ẹ̀san rẹ̀ ni òun ń gbà. Lempi kò pariwo. Ó kàn mú un lágbọ̀n, ó gbé ojú rẹ̀ sókè.

"Eino fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yẹn," ló wí. "Aṣọ rẹ̀, pákó tó gbẹ́, àga tó kú sí, gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún mi lára rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Duane pa á lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ wá sun ìyókù."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní kí ẹ máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ṣe yín níkà. Inú ń bí èmi náà sí Duane di òní. Ṣùgbọ́n ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ fi òótọ́ lé ìkà lọ, kódà bí wọn ò bá tètè gbà yín gbọ́, nítorí ẹni tó bá fi àrékérekè gbẹ̀san kì í mọ ilé ẹni tí iná náà máa jó. Oṣù tó tẹ̀lé e ni Lempi nìkan kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nílùú mìíràn, Tessa sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi títí ọkọ̀ fi gbé ìyá àgbà rẹ̀ lọ.