Omi Inú Táǹkì

Ooru ti gba gbogbo oko kan lọ́jọ́ tí ọmọ olóko kọ́kọ́ rí obìnrin kan. Obìnrin náà tẹ̀ ba sáàárín ebè tòmátì, ó ń fi awò wo ẹ̀yìn ewé bí ìyá tí ń wá iná lórí ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fín oògùn yẹn sí mi lára o," ó wí láìgbójú sókè.

Ọmọ olóko, tó pọn táǹkì oògùn sẹ́yìn, dúró. "Mi ò fín in sí òdòdó rí."

"Òdòdó wo? Èbu, àrùn tó ń hù sára ewé, ni mò ń wá ní tèmi."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iléeṣẹ́ tó ń yẹ àrùn ọ̀gbìn wò ló rán obìnrin náà wá. Àwọn òṣìṣẹ́ oko sọ ọ́ ní Dókítà Ewé. Kò pẹ́ tí ọmọ olóko kò fi lè jókòó sójú kan mọ́. Ebè tó ti tún ṣe, á tún un ṣe, kó ṣáà lè kọjá níwájú rẹ̀.

Ọkàn obìnrin náà kò balẹ̀, nítorí ìfẹ́, àti nítorí ohun tó rí. "Ẹ̀gbọ́n, oògùn yín ò ran èbu yìí mọ́. Tẹ́lẹ̀, òtútù máa ń dá a dúró. Ní báyìí ooru ò lọ, èbu ń bímọ lé ọmọ. Ẹ̀ ń fín, ẹ̀ ń fín. Ọ̀lẹ inú wọn ń kú, olóríkunkun ń ṣẹ́kù, òun ló sì ń bí ìyókù."

"Ìwọ ni kó o sọ fún bàbá mi. Ẹnu mi ò gbà á."

Obìnrin náà sọ ọ́. Bàbá fò dìde. "Oògùn tí mo fi tọ́ ọmọ? Ṣé kí n fọwọ́ lẹ́rán kí oko mi kú ni? Ìwọ ọmọ yìí, má mú obìnrin yìí wọ ilé mi!" Ó ní kí wọ́n po oògùn náà kó le sí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìfẹ́ a máa mú ọlọ́gbọ́n ṣe wèrè. Ọmọ fín oògùn líle sí apá ọ̀tún oko. Apá òsì, omi lásán ló fín sí i. Kò sọ fún ẹnì kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ tó ń bọ̀ bí adìẹ tó fẹ́ yé.

Nígbà tó yá, bàbá ránṣẹ́ pe Dókítà Ewé. "Wo apá òsì! Àrùn ṣì wà lára ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó sàn ju apá ọ̀tún tí ewé ẹ̀ jó lọ. Oògùn kan náà la sì fín sí méjèèjì. Kí lo rí sọ sí i?"

Orúnkún ọmọ kan ilẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun. Omi lásán ni mo fín síbẹ̀. Oògùn líle ló jó tọ̀tún."

Obìnrin náà ló kọ́kọ́ fọhùn. "O tan bàbá rẹ jẹ? Tí oko bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ńkọ́?" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí irọ́ ṣílẹ̀kùn ilé ọkọ fún mi."

Bàbá wò ó tìtì. "Èmi lò ń gbèjà?"

"Oko ni mò ń gbèjà, Bàbá. Ẹ̀yin náà ń bẹ nínú ẹ̀."

Bàbá rọra jókòó sórí ebè. "Kí la ó ṣe báyìí?"

"Ká fa èyí tó ti bàjẹ́ tu, ká sun ún. Ká fẹ àlàfo ebè kí afẹ́fẹ́ ráyè. Ká má lo oògùn kan ṣoṣo mọ́. Lẹ́yìn èyí, ká fi àgbàdo, tí èbu yìí kì í mú, síbẹ̀ ná."

"Ooru ńkọ́?"

"Ooru ò ní dúró dè wá, sà. Àwa la ó máa sáré."

Bàbá yíjú sí ọmọ. "Lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi ti dárí jì ọ́, ó ku òun."

Òun àti obìnrin náà jọ ń fa tòmátì tu lábẹ́ oòrùn. Ọkùnrin náà ò lè pa á mọ́ra. "Ṣé wàá máa bá mi ṣe é lọ?"

"Tòmátì yìí?"

"Ohun gbogbo."

Obìnrin náà fa méjì sí i. Lẹ́yìn náà ó wí, láìgbójú sókè: "Ọkọ mi, wá bá mi di ìdí èyí mú. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn."