Abẹ́rẹ́ Ìpanilẹ́numọ́

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìtàn yìí, n kò sì ní tọrọ gáfárà.

Ọ̀rẹ́ mi ni nọ́ọ̀sì tí a ń pè ní "Ẹ Dákẹ́", nítorí ohun tó máa ń sọ fún àwọn aláìsàn nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún la ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì ni èmi náà. Bí àgbàlagbà bá ń pariwo, yóò gún un ní abẹ́rẹ́ oorun, yóò sì jókòó ti fóònù rẹ̀. Kò ní kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò gbé Bíbélì há abíyá.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìyá àgbà kan tó jẹ́ tíṣà-fẹ̀yìntì wọlé, tí wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun rẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi mú un sùn fún iṣẹ́ abẹ kò tíì tán lára rẹ̀. Ó ń pe ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó ń fa rọ́bà omi tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ tu.

Dókítà kìlọ̀: "Ẹ má fún Màmá ní oògùn oorun kankan. Kì í tètè kúrò lára àgbà. Ẹ fi awò ojú wọn sí wọn lójú, kí ọmọ wọn jókòó tì wọ́n. Wọ́n á bọ̀ sípò."

Dókítà jáde, ọmọ Màmá lọ ra omi, "Ẹ Dákẹ́" sì gún Màmá ní abẹ́rẹ́ oorun.

Kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, ètè Màmá ti dúdú. Ó ń mí, ó ń dúró, bí ẹni pé mímí ti sú u. Mo sáré pe dókítà.

"Kí lẹ fún Màmá?"

"Mi ò fún wọn ní nǹkan kan, sà," ni "Ẹ Dákẹ́" fèsì.

Irọ́. Irọ́ lórí èémí ìyá oníyàá.

Mo di ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mú. "Oògùn tó lè jí wọn wà nínú àpótí yẹn. Ìwọ lo dí i lọ́nà, dókítà kò lè lò ó láìmọ ohun tí o gún wọn. Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an, àmọ́ kò ní bá ọ fi pa mọ́. Sọ̀rọ̀."

Ó yíjú sí dókítà. "Èmi ni. Mo gún wọn ní abẹ́rẹ́ oorun." Ó sọ irú rẹ̀, ó sọ iye rẹ̀. Wọ́n fún Màmá ní ẹ̀rọ̀ rẹ̀, èémí rẹ̀ sì padà.

Wọ́n lé ọ̀rẹ́ mi níṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ Màmá, ọmọ náà ní, "Ẹ dìde níwájú mi. Mi ò tíì lè dárí jì yín."

Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ló ti wólẹ̀. "Jésù, apààyàn ni mí. Mi ò ní àwáwí. Gbà mí." Mo kúnlẹ̀ tì í, nítorí mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ń gún àwọn àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, mo sì panu mọ́. Kristi gba àwa méjèèjì.

Ìwọ tó ń kà á, inú ń bí ọ sí i, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ni ìwọ náà ń jẹ níyà níkọ̀kọ̀, tí o sì ń fọwọ́ nu ẹnu níwájú Ọlọ́run? Ó rí ọ. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wẹ̀ ọ́ mọ́. Má sọ pé ó di ọ̀la. Níbi tí o jókòó sí yìí, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un.