Ta Ló Buwọ́ Lù Ú?

"Memunat, kí ló ṣe kọ̀ǹpútà yìí?" Màmá mi kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ náà. Orúkọ gbogbo ìwé tó wà nínú rẹ̀ ti yí padà sí àwọn lẹ́tà tí kò nítumọ̀, kò sì sí èyí tó ṣí nínú wọn.

Mo ní n kò mọ̀. Mo tún fi kún un pé bóyá Ẹ̀gbọ́n Tàjùdéèn, tó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe, ló ba nǹkan jẹ́ nígbà tó wá lánàá. Irọ́ ni. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nítòsí ọ̀nà Àgọ́ Palace l'Ékòó. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń bá Àlàájì Nùrẹ́nì, ọmọ bíbí Ìsọlọ̀, tẹ ìtàn ìdílé wọn. Bàbá náà a jókòó sórí àga ike, a máa sọ ọ́, màmá mi a sì máa tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń bí i nínú kò ju pé orúkọ àwọn baba rẹ̀ kò ní àmì ohùn lórí. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù, Tàjùdéèn yóò gbé ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wá ní Sátidé. Òfin ni ní ṣọ́ọ̀bù wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé nǹkan tuntun sórí ẹ̀rọ bí Tàjùdéèn kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi kò lè dúró de Sátidé. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí ní SS2, orí mi sì ti wú. Khàlíl, ọmọ kíláàsì mi tó ń gbé ní Ire-Akari, fi líǹkì ètò náà ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Mo bi í bóyá kò léwu.

"Wọ́n buwọ́ lù ú," ló fi dá mi lóhùn. "Wò ó fúnra ẹ. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

Mo wò ó lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà lédè Òyìnbó pé ìbuwọ́lù tó wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ tí wọ́n ń fi sára ètò, péye. Orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kà á. Bí ẹ̀rọ ṣe ń bi mí ní ìbéèrè ni mo ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gba ilé kéú lọ. Nígbà tí n ó fi padà, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ti lọ. Fíláàṣì tí màmá mi ń tọ́jú ẹ̀dà sí wà lára ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn, òun náà bá a lọ.

Màmá mi pe Tàjùdéèn lórí fóònù, ó bú u tìbínú-tìbínú. Èmi ń wo ilẹ̀. Tàjùdéèn kò jiyàn. Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate, ó wá. Àlàájì ti jókòó síta ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, ó ń dúró ká bẹ̀rẹ̀ orí tó kàn, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un.

Tàjùdéèn tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó rí fáìlì tí mo gbà wálẹ̀, ó ní kòkòrò ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ ló ti gbogbo ìwé pa. Ó wo aago tó wà lára rẹ̀, òní ni, kì í ṣe àná tí òun wá, ó wò mí, ó wá yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi.

"Memunat, ka orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú fún wa."

Mo kà á. Orúkọ iléeṣẹ́ kan tí n kò gbọ́ rí ni, kò bá orúkọ àwọn tó ṣe ètò náà tan rárá.

"Ìbuwọ́lù ò sọ pé nǹkan dára," ó ní. "Ẹni tó fọwọ́ sí i ló ń fi hàn ẹ́, àti pé wọn ò tíì yí i padà látìgbà tó ti fọwọ́ sí i. Olè pàápàá lè gbẹ́ òǹtẹ̀ tirẹ̀. Orúkọ yẹn ló yẹ kó o kà, kó o bi ara ẹ bóyá ẹni tó ni nǹkan ni, kó o sì lọ gbà á lójúlé rẹ̀ gan-an lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Ojú tì mí. Ti àìgbọràn mi ń dùn mí, ṣùgbọ́n ti irọ́ ló pọ̀ jù. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lo wákàtí mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Mo purọ́ mọ́ yín."

Màmá mi kò nà mí. Tàjùdéèn ló kọjú sí, ó ń bẹ̀ ẹ́, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Bí mo ṣe ń wò ó tó ń tọrọ àforíjì nítorí mi dùn mí ju ẹgba lọ. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún Àlàájì.

Mo sọ ọ́. Bàbá náà wọlé, ó fa àga rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ó ní a óò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni n ó sì máa tẹ̀ ẹ́.

Tí mo bá ti ilé ìwé dé báyìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń jókòó sí. Iṣẹ́ náà ń lọ geere títí a fi dé oríkì ìyá ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ìlà kan, ó ṣì í. Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi Àgbékẹ́ ló wá sọ èyí fún ìyá ẹ níbí," ó ní. "Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. A sin ín lóṣù tó kọjá."

Mo ní kó máà bínú. Ó ní òun kò bínú, kí n ṣáà fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé náà ti jáde. Ààbọ̀ ojú ìwé kan ṣófo nínú rẹ̀, àwọn tó ń kà á sì ń rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ka orúkọ kí ẹ tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n ti dárí jì mí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n oríkì yẹn, kò tún sẹ́ni tó lè kì í mọ́.