Agòkè Tí Kò Gòkè Rí

Bí o bá pàdé ọkùnrin yìí lọ́nà, wàá ti kí i kó tó rí ọ. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama ìjọba ni nígbà tí mò ń wí yìí. Aṣọ rẹ̀ kì í rún, bàtà rẹ̀ a máa dán, bó bá sì wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ariwo inú ibẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Agòkè ni gbogbo ayé ń pè é. Ó fẹ́ràn orúkọ ìnagijẹ náà ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe di Agòkè fún ọ, ọ̀rẹ́ mi. Má tíì dá a lẹ́jọ́ o, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá kan èmi àtìwọ.

Nígbà tí ìjọba dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, kíláàsì onípáànù mélòó kan ló wà níbẹ̀, àti ilé ibùsùn tí òjò ń jò sí. Odò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọnmi. Láàárọ̀ kùtù, wọ́n á tò lọ pẹ̀lú garawa, wọ́n á tò bọ̀, ẹni tí omi rẹ̀ bá dànù lọ́nà á padà sódò, agogo ò sì ní dúró dè é. Nígbà tó yá, ìjọba gbé táńkì irin ńlá kan kalẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, lórí ẹsẹ̀ irin tó ga ju gbogbo òrùlé ilé-ìwé lọ. Omi dé ẹnu ẹ̀rọ. Ijó ni àwọn ọmọ fi ọjọ́ náà jó.

Ọdún yẹn gan-an ni Agòkè jẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́. Iyàn wá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn àgbà kíláàsì: ta ló tó gun àkàbà táńkì yìí dókè? Agòkè ní òun tó o. Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Ọkùnrin tí kò lè dúró lórí àga láti ta okùn aṣọ!

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ẹ̀rù kì í bà. Ó lọ bẹ̀ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọ̀rẹ́ náà ti gùn ún, ó sì ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ Agòkè gàdàgbà sára táńkì. Nígbà tí àwọn yòókù máa jí, Agòkè ni wọ́n bá nísàlẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọ̀dà lára ẹ̀wù. Wọ́n gbé e léjìká yíká pápá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Agòkè lọ́jọ́ náà. Wọn ò bi í léèrè, òun náà ò sì sọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irọ́ ò sí níbi tí ẹnu bá ti pa mọ́. Irọ́ ni, gbangba.

Láti ìgbà náà ló ti di àṣà. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun gbọ́dọ̀ gun táńkì ní Sátidé àkọ́kọ́, kó pe orúkọ ara rẹ̀ láti òkè títí gbogbo ilé-ìwé á fi dáhùn. Ẹni tí kò bá gùn ún, ojo ni, wọn ò ní bá a jókòó jẹun. Ọdún ń gorí ọdún. Ìjọba gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, táńkì gbẹ, irin rẹ̀ dípẹtà. Nígbà tí Agòkè padà wá di ọ̀gá àgbà níbẹ̀, wíwó ló yẹ kó wó o. Kò jẹ́ wó o. Bí ọdún ìwé bá ti ń bẹ̀rẹ̀, á dúró níwájú àwọn ọmọ, á ní ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ láìpe orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé yìí, pé òun lòun kọ́kọ́ gùn ún.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ yẹn ló wá di ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nílé-ìwé náà. Ó ti já bọ́ láti òrùlé nídìí iṣẹ́ rí, orúnkún rẹ̀ kan ò ká mọ́. Ó sì ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Kò yé bá Agòkè sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ku àwọn méjì. Á ní irọ́ yẹn ti dàgbà, ó ti ń bímọ. Agòkè á ní kó lọ bójú tó páìpù rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, aránṣọ kan tó jẹ́ opó mú ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wá sí kíláàsì kìíní. Ó bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n yọ ọmọ òun kúrò nínú gígun táńkì, ara rẹ̀ ò gba òkè rárá. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ìyá ló ń ba ọmọkùnrin jẹ́, pé láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Obìnrin náà dúpẹ́, ó jáde, ṣùgbọ́n bó ti ń lọ ló ń wẹ̀yìn.

Sátidé pé. Ọmọ náà gùn ún. Ó ti dé ibi tí àkàbà ti kan ìdí táńkì kó tó bojú wolẹ̀. Wíwò yẹn ló ṣe é. Ó fi apá méjèèjì gbá irin mọ́ra, ó di ojú, kò sì mira mọ́. Àwọn àgbà kíláàsì kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó pe orúkọ rẹ̀, kò pè é. Wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí irin ìtẹsẹ̀ kan já lábẹ́ rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ gbàù, ẹ̀rín dá lẹ́nu gbogbo wọn.

Wọ́n sáré lọ pe ọ̀gá. Òjò ti ń ṣú nígbà náà, afẹ́fẹ́ sì ti ń mi táńkì òfìfo yẹn. Agòkè pàṣẹ fún ọmọ náà pé kó máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ohùn tín-ín-rín kan dá a lóhùn.

“Sà, ẹ ní ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ láìpe orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé yìí. Ohùn mi ò jáde, sà.”

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun. Ó ní òun ti yọ̀ǹda, kó máa bọ̀. Ọmọ náà ní òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ òun ni ò gbọ́ tòun mọ́.

Olùkọ́ eré ìdárayá gbìyànjú. Irin já lábẹ́ rẹ̀, ó ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn panápaná, wọ́n ní ọkọ̀ ti lọ síbi iná mìíràn. Ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe Agòkè, Agòkè, gbogbo wọn sì gbà á. Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wọ́n gbà á gbọ́ ni.

Ìròyìn kan ìyá ọmọ náà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó sáré dé, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ bá mi mú un wá.”

Agòkè ní òun ń lọ mú okùn. Ó wọ ilé ẹ̀rọ omi, ó ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe okùn ló ń wá, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń wá, kó gbabẹ̀ sá lọ. Àfi bó ṣe bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ibẹ̀, tó ń so okùn mọ́ ìbàdí.

“Pẹ̀lú orúnkún yẹn?”

“Ta ló kù?” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí.

Ara Agòkè kọ̀ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín páìpù, tòun ti aṣọ tí kì í rún. Ó ní òun ò lè gùn ún, ọ̀rẹ́ òun sì mọ̀. Ó ní bí òun bá jẹ́wọ́, òun ti tán. Bí òun ò bá jẹ́wọ́, ọmọ ọlọ́mọ á kú, òun náà ti tán. Ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ tí kò ká yẹn jókòó tì í. “Mo gùn ún fún ọ nígbà kan, irọ́ la fi bí. Èmi náà lọ́wọ́ níbẹ̀, mo sì ti bẹ Ọlọ́run. Àmọ́ Ẹnìkan wà tí kò di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí kó sì káwọ́ gbera. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e. Wọ́n kàn án mọ́gi lórí òkè nítorí irú irọ́ yìí, ó sì mọ̀ pé tìrẹ ni. Bá a sọ̀rọ̀. Má fi gírámà kankan sí i.”

Agòkè dojú bolẹ̀. Ó ní, “Jésù, èké ni mí. Ọmọ opó wà lókè nítorí mi. Ṣàánú mi.” Kò mọ àdúrà mìíràn.

Ẹ̀rù ò kúrò lára rẹ̀ o, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ohun kan já nínú rẹ̀ tó ti dè é láti ìgbà èwe. Ó tú okùn ní ìbàdí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ tirẹ̀, ó jáde. Ó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ àti ìyá ọmọ náà, ó sì sọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn fi gbọ́.

“N ò gun táńkì yìí rí. Ẹlòmíràn ló kọ orúkọ mi síbẹ̀. Irọ́ ni mo ti ń pa fún yín.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Agòkè bọ́ bàtà, ó di àkàbà mú.

Mi ò lè ròyìn ìyà tó jẹ ọkùnrin náà lórí irin yẹn. Ó ń bì, ó ń pe Jésù ní gbogbo ìtẹsẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Nígbà tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ọmọ náà la ojú.

“Ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà, sà?”

“Ó ń bà mí, ọmọ mi. Ó ń bà mí gan-an.”

Ìgbà náà ni àwọn ọwọ́ kékeré yẹn tú. Agòkè fi okùn so ọmọ náà mọ́ra, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já bọ́, àwọn méjèèjì ló já bọ́. Ó ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí irin ti já, èjìká ọ̀gá ni ọmọ náà tẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe dé ilẹ̀, tí ìyá sì gba ọmọ rẹ̀. Kò wo ojú ọ̀gá lọ́jọ́ náà, kò sì kí i.

Ìjọba yọ ọ́ nípò. Olùkọ́ lásán ló jẹ́ báyìí, ní ilé-ìwé mìíràn. Àwọn òbí bú u, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọ́n wó táńkì náà. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ò sùn fọnfọn bí òun ṣe ń sùn yìí rí, pé òun kì í tún ta gìrì bí ẹnìkan bá pe orúkọ òun.

Ìwọ tó ń kà mí yìí ńkọ́? Kí ni wọ́n ń yìn ọ́ fún tí o kò ṣe? Ta ló ń jìyà lọ́wọ́ báyìí nítorí ohun tí o bò mọ́lẹ̀? Bóyá aya ni, bóyá ọmọ, bóyá ẹni tó wà lábẹ́ rẹ níbi iṣẹ́. O lè máa wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọlọ́run ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ. Kò wá tú àṣírí rẹ kó fi ọ́ ṣẹ̀sín, Ọmọ rẹ̀ ti ru ìtìjú yẹn lórí igi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó láti wẹ̀ ọ́ mọ́.

Má ní ó dọ̀la. Ká ní Agòkè ti ní ó dọ̀la, òkú ọmọ ni ìyá yẹn ìbá gbé relé. Níbi tí o jókòó sí yìí, kó tó di pé o gbé ìwé yìí sílẹ̀, sọ òótọ́ ara rẹ fún Jésù. Lẹ́yìn náà, dìde lọ bá ẹni tó ń jìyà nítorí rẹ.