Àkọ̀ Tó Dorí Kodò

Àyà aṣọ ni Henning kọ́kọ́ rí kó tó rí ọmọbìnrin tó ń tà á. Nínú gbọ̀ngàn kan ní Hamburg, níbi táwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún aráyé ti ń pàdé lọ́dọọdún, Wiebke to ogójì ṣẹ́ẹ̀tì dúdú sórí tábìlì. Ẹyẹ àkọ̀, àmì ẹgbẹ́ wọn, wà láyà gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó dorí kodò. Ọmọbìnrin náà rẹwà, ìbànújẹ́ sì ti gba ojú rẹ̀ kan.

Ẹnikẹ́ni ló lè tún ètò náà kọ bó ṣe wù ú. Àmì rẹ̀ nìkan ni wọn ò gbọdọ̀ yí padà láìgbàṣẹ. Henning ló ń ṣọ́ òfin ọ̀hún, bí ẹni pé òfin Mídíà òun Páṣíà ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹyẹ yìí kì í ṣe tiwa. Òfin kẹrin ní orí rẹ̀ ò gbọdọ̀ wálẹ̀."

"Arne àbúrò mi ló ya tiyín. Ó bómi lọ ní Fẹ́búárì, ìyẹn ni mo ṣe dorí ẹyẹ náà kodò."

Síbẹ̀ òmùgọ̀ ọkùnrin yìí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ ẹ bá wa kó wọn kúrò."

"Ṣé ẹ ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ báyìí?" Wiebke kó ẹrù rẹ̀, kò sunkún.

Láti ọjọ́ náà, Henning ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó pinnu pé òun á jẹ́ kí wọ́n pa òfin kẹrin rẹ́. Ẹgbẹ́ wọn kì í sọ lẹ́tà kankan nù, ó sì ń ka àríyànjiyàn ọdún mẹ́sàn-án títí ó fi kan lẹ́tà ẹni tó dá òfin náà sílẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá Wiebke ní Kiel, ó sì na ìwé náà sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ orí ẹ̀ ba," Arne ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Látìgbà tí màmá wa ti kú, ilẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò. Òun ni mo ya ẹyẹ yìí fún, kó lè máa rántí gbójú sókè."

Wiebke kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́kún. Henning dúró tì í títí ó fi dákẹ́.

Nígbà tí Fẹ́búárì tún dé, tí wọ́n ti di olólùfẹ́ ara wọn, àwọn méjèèjì jọ lọ sétí omi tó gbé Arne lọ. Ibẹ̀ ni Henning ti ní kó fẹ́ òun.

"Mi ò tíì lè gbójú sókè, Henning."

"Mi ò ní kó o gbé e sókè, olólùfẹ́ mi."

"Ilẹ̀ ni wàá máa rí mi tí mò ń wò."

"Màá bá ẹ wò ó."

Ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó ní òun gbà. Orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.